Ọkọ Ìyá Òtítọ́

Àbúrò mi ọkùnrin kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá sọ ohun tó ṣe tán, ẹ lè fẹ́ bú u, èmi nìkan ni mo sì láṣẹ láti bú u. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Nígbà tí ìyá wa bá lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀yìn mi ló ń sùn sí, ohunkóhun tó bá sì ṣe é níta, etí mi ló kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì kan wà tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ odò àti afẹ́fẹ́, kí àwọn iléeṣẹ́ ńlá má bàa da ìdọ̀tí wọn lé aráàlú lórí. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ sétí odò pẹ̀lú àpótí ìgò. Á wọ ìbọ̀wọ́, á bu omi, á lẹ pépà mọ́ ara ìgò, á sì gbé e padà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò wa fi ń pè é ní Onígò.

Àdúgbò wa yìí, ẹ̀yìn iléeṣẹ́ bátìrì ló wà. Ògiri iléeṣẹ́ náà ga, páìpù kan sì gba abẹ́ rẹ̀ jáde sínú odò tó kọjá níwájú ilé mi. Alágbàfọ̀ ni mí. Mo ń fọ aṣọ fún òtẹ́ẹ̀lì, mo ń fọ ti àwọn nọ́ọ̀sì, fèrèsé ibi tí mo ti ń lọ aṣọ sì dojú kọ páìpù yẹn gan-an. Mo rí ẹja tó ń léfòó. Mo rí koríko tó gbẹ bí ìgbà tí iná jó o. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré létí odò ń sáré wọlé pẹ̀lú inú rírun, ìyá wọn ń sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà. A kígbe títí ọ̀fun wa fi gbẹ. Ọ́fíìsì Omi á ní àwọn ti gbọ́, àwọn ń bọ̀.

Wọ́n á sì wá lóòótọ́. Àmọ́ kí wọ́n tó wá, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ iléeṣẹ́ náà láago. Àṣà ọ́fíìsì wọn ni. Wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí ni, pé ènìyàn kì í já wọ ilé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Àbúrò mi gan-an ni wọ́n máa ń ní kó tẹ̀ wọ́n láago: "Ẹ káàárọ̀ sà, a ó wá kí yín lọ́la." Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, omi páìpù náà á ti mọ́ gaara, ẹ lè fi bọ́jú ọmọ tuntun. Onígò á bu omi tó mọ́, èsì á jáde pé omi mọ́, wọn ò sì ní fi èsì náà han ẹnikẹ́ni. Bí a bá béèrè, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Ta wá ni aráàdúgbò á bínú sí? Ṣé ọ̀gá tó jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni? Wọn ò mọ ojú ìyẹn. Onígò ni wọ́n mọ̀. Bó bá ti yọ lórí alùpùpù rẹ̀, ariwo ti sọ nìyẹn: "Onígò òfo! Bá wa kí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ o!" Obìnrin kan tiẹ̀ da omi ìfọbọ́ sí i lẹ́sẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà á wá sílé mi, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," á ní, "ṣé èmi ni mo ni ọ́fíìsì náà ni?"

Mo ní rárá, kó fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ ó lè kọ̀ láti tẹ aago yẹn, kò sì kọ̀. Èmi náà mọ̀, òun náà mọ̀.

Ó wá ku ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó mi ni kí n sọ, nítorí èmi náà ni ọkọ rẹ̀, bí mo tilẹ̀ jẹ́ obìnrin. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n jọ wà. Inú yàrá àyẹ̀wò ni tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tó wà nínú omi tí ọkọ bá bù wálé. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, kò ga, ohùn rẹ̀ kò le, kóòtù funfun rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí n bá a lọ̀ ọ́. Ìwé tí ọkọ kà ni ìyàwó kà, ipò kan náà ni wọ́n wà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń hó lé ọkọ rẹ̀ lórí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà láyé.

Nǹkan yí padà nígbà tí ọ̀gá tuntun dé. Wọ́n ti yọ ọ̀gá àtijọ́, nítorí àwọn ìyá gbé ọmọ wọn lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì náà, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn máa gbé. Ọ̀gá tuntun yìí, obìnrin ni, bàtà rẹ̀ máa ń ró kó-kó-kó kí ojú tó rí i. Ó ní aago títẹ̀ ti parí. Ó ní aráàdúgbò ni yóò máa mú ọjọ́ tí wọ́n máa bu omi, àgbà kan láàárín wa ni yóò sì máa tọ́ka síbi tí wọ́n ti máa bù ú. Ó ní etí odò gan-an ni wọ́n ti máa ka èsì sókè, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní àdúgbò wa, ì báà dára, ì báà burú. "Bí ẹ̀bi bá sì jẹ́ tiwa," ó ní, "ẹnu wa lẹ ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ." Àwa tí a gbọ́ ọ fi ètè rẹ́rìn-ín. Ta ni kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ìpàdé àkọ́kọ́, gbọ̀ngàn ilé ìwé la ti ṣe é. Káfíńtà àdúgbò wa dìde. Ọkùnrin yìí, bó bá ń sọ̀rọ̀, ńṣe ló máa ń na ọwọ́ bí ẹni tó ń wọn pákó. Ó ní, "Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé omi yìí máa pa àwọn ọmọ wa?"

Òṣìṣẹ́ kan dìde, ó sọ gírámà. Èkejì dìde, ó sọ gírámà tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá tuntun bá ní kí ẹnì kan láti yàrá àyẹ̀wò bọ́ síwájú. Ìyàwó mi ló dìde láti ẹ̀yìn. Ó gba màíkì bí ẹni gba ọmọ ọlọ́mọ, ó ní:

"N ò mọ̀. A ò tíì bu omi kan tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa ẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo mọ̀, irọ́ ni mo pa fún yín."

Àtẹ́wọ́ sọ, gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Káfíńtà fò sórí àga, ó ní, "Ìyá Òtítọ́! Ẹnu eléyìí ni ká ti máa gbọ́ ọ!" Bí ọ̀gá tuntun ṣe béèrè ẹni tí a fẹ́ kó máa ka èsì fún wa nìyẹn, tí gbogbo ènìyàn ń pariwo orúkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́.

Mo wo àbúrò mi. Ó dúró ti ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìgò tí wọ́n ní kó gbé wá fi han aráàlú, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì bojú wò. Ó ń pàtẹ́wọ́. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde. Owú ló ń jẹ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí n pe orúkọ mìíràn fún un.

Èmi náà ńkọ́? Ta ló kọ́kọ́ pariwo odò yìí? Ojú fèrèsé ta ló kọ sí i? Nígbà tó kan ká yan àgbà tó máa tọ́ka síbi tí wọ́n ti máa bu omi, káfíńtà ni wọ́n yàn, ọkùnrin tí ilé rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún tí kì í gbọ́ òórùn nǹkankan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó mi ò lè kọjá láìjẹ́ pé wọ́n kí i. Káfíńtà kan àpótí kékeré kan fún un tó máa dúró lé bó bá ń ka èsì fún wa, nítorí kò ga. Oníbúrẹ́dì ní kò ní tò sórí ìlà mọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé orúkọ àbúrò mi yí padà. Bó bá ti yọ lórí alùpùpù, wọn ò hó lé e mọ́, ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i: "Ẹ ǹlẹ́ o, Ọkọ Ìyá Òtítọ́!" Èmi rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó sọ fún mi pé Onígò òfo sàn ju ìyẹn lọ, pé ó kéré tán, òun ló ni orúkọ ìyẹn.

Nínú ilé, ó di ẹlẹ́nu. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, tí àbúrò mi wá ní, "Ìyá Òtítọ́, ṣé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀ yìí, àbí ẹ ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù?"

Ìyàwó mi ní, "Ẹ máa jẹun, ọkọ mi." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú, ìyẹn náà tún ń dun ọkùnrin náà.

Ó wá bá mi nídìí aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni wọ́n bú. Èmi ni wọ́n da omi sí lẹ́sẹ̀. Gbogbo ohun tóun sọ ò ju 'N ò mọ̀' lọ, wọ́n kan àpótí fún un. Èmi náà ò mọ̀! Láti ọjọ́ tí mo ti ń bu omi wọn, mo ti mọ nǹkankan rí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí aṣọ kí n má bàa jó o. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìgò díẹ̀, bí ìyàwó mi ṣe là á yé mi lẹ́yìn náà. Oríṣi méjì ni ìgò wọn. Èyí tí ìdérí rẹ̀ funfun, dandan ni kí wọ́n fi omi odò náà ṣan án kí wọ́n tó bu omi sí i. Èyí tí ìdérí rẹ̀ pupa, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣan án, nítorí láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti kán ásíìdì díẹ̀ sínú rẹ̀. Òjé ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì, òjé la sì ń wá nínú odò yẹn. Ásíìdì yìí ni kì í jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bí wọ́n bá ṣan ásíìdì dànù, òjé á lọ lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi tó kù á wá dà bí omi tó mọ́. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ gbogbo wọn nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà wọ́n síṣẹ́.

Ọjọ́ omi bíbù pé. Ẹnikẹ́ni ò tẹ iléeṣẹ́ láago, páìpù sì ń da omi rẹ́súrẹ́sú jáde, ó ń hó bí ọṣẹ. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Káfíńtà na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni wọn pákó, ó ní, "Níbí!" Àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ sínú omi pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wò, wọn ò hó, wọn ò sì pè é ní ọkọ ẹnikẹ́ni. Ó mú ìgò onídérí funfun, ó bu omi, ó mì ín, ó dà á sẹ́yìn, ó tún bù ú. Àwọn ènìyàn ń mi orí. "Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é finífiní," ni ẹnì kan wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rí i tí èjìká àbúrò mi gbòòrò.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọkọ̀ ọ̀gá tuntun dúró, tí ìyàwó mi sì bọ́ sílẹ̀. Ariwo ta: "Ìyá Òtítọ́ ti dé!" Gbogbo wọn yí padà. Àbúrò mi dúró sínú omi, ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kìkì ẹ̀yìn ènìyàn ló ń rí.

"Ẹ wo ibí!" ó pariwo. "Ibí lẹ wá wò o!"

Wọ́n tún yíjú sí i. Ó mú ìgò onídérí pupa. Ó ṣí i, ó rì í bọ omi, ó mì ín, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i, ó dà á nù. "A ò fi nǹkankan pamọ́ fún yín mọ́!" ó wí. Àtẹ́wọ́ sọ. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo kàn rí i pé ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀. Ìgò pupa mìíràn wà nínú àpótí rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju kó sọ pé, "Mo ṣèèṣì, ẹ jẹ́ kí n mú òmíràn." Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti dé etí omi, àtẹ́wọ́ yẹn sì dùn mọ́ ọn. Ó bu omi sínú ìgò tó ti ṣan, ó dé e, ó lẹ pépà mọ́ ọn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ka èsì, ìyàwó mi wá gba kóòtù rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ rẹ̀ fi alùpùpù wá gbé e. Kò tíì jókòó tí obìnrin náà fi bi í níwájú mi:

"Ọkọ mi, ìgò pupa ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ ṣan án ni?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

"Ìbéèrè ni mo bi yín. Mo ti bọ pépà tí a fi ń wá ásíìdì sínú ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ ò yí padà rárá. Ásíìdì ò sí níbẹ̀. Èsì òjé tó jáde kéré bíi ti omi ẹ̀rọ."

"N ò ṣan nǹkankan," ó ní.

Ìyàwó mi wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Ó dáa," ó ní. Ó mú kóòtù rẹ̀, ó kí mi, ó lọ dúró ti alùpùpù níta.

Mo di ọkùnrin náà lọ́rùn aṣọ mú. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún mi, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

"Kí lo wá fẹ́ kó kà fún wọn lọ́la?" mo ní.

"Ohun tó bá wù ú. Bó bá ka èsì yẹn pé odò mọ́, wọ́n á hó lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hó. Ẹ jẹ́ kóun náà mọ bó ṣe ń rí lára."

Ara mi bù máṣọ. "Ìyàwó rẹ lò ń sọ báyìí? Odò yìí ńkọ́? Àwọn ọmọ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Mo mọ̀, àmọ́ bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn."

Òjòwú ò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ó jáde, ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n lọ.

Lọ́jọ́ kejì, etí odò kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iléeṣẹ́ bátìrì rán ọkùnrin kan tó so táì wá, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn, bóyá ẹnì kan ti sọ èsì náà sí i létí. Ìyàwó mi gun orí àpótí tí káfíńtà kàn fún un. Ó ṣí pépà ọwọ́ rẹ̀.

"Mo mú èsì wá," ó ní, "àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́."

Ọkùnrin onítáì náà ò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìgò tó yẹ kó sọ fún wa bóyá òjé wà nínú omi yìí ti bàjẹ́. Wọ́n ṣan oògùn inú ẹ̀ dànù. Ohun tí pépà yìí sọ ni pé odò mọ́. Kì í ṣòótọ́. Kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ ló bà á jẹ́. Àwa ni."

Káfíńtà ní, "Àwa ta ni?"

"Ọ́fíìsì wa. Èmi ni mo gba ìgò náà wọlé, èmi ni mo sì dúró níwájú yín. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

Kò wo ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀ rárá. Mo di ojú mi, mo ń retí kí wọ́n hó. Kò sẹ́ni tó hó. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí pàtẹ́wọ́, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbà á. Káfíńtà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi," ó ní, "n ò rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní òun jẹ̀bi rí! Ìyá Òtítọ́!" Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé odò ti mọ́.

Mo wá gbọ́ ohùn kan.

"Irọ́ ni!"

Àbúrò mi ló ń la àárín èrò bọ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Irọ́ ló ń pa fún yín! Kì í ṣe òun! Èmi ni! Èmi ni mo ṣan ìgò náà lójú gbogbo yín, tẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi! Kò mọ nǹkankan nípa ẹ̀! Èmi ni mo bà á jẹ́!"

Ó ń lu àyà rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń bá a jà. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tó fi ń sunkún ni nígbà tó wà lọ́mọdé, bí ẹnìkan bá mú abọ́ rẹ̀. Ó lè fara da ohun gbogbo, àmọ́ kí wọ́n tún wá pàtẹ́wọ́ fún obìnrin náà nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun fọwọ́ ara òun dá, ìyẹn ló pọ̀ jù fún un.

Káfíńtà wò ó sókè, ó wò ó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó nà án sókè. "Onígò!" ó ní. Ẹnikẹ́ni ò fi "òfo" sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, àtẹ́wọ́ tó ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọ̀gá tuntun gba ẹfun, ó kọ ọ́ sórí pátákó lójú wa: ìgò bàjẹ́, ẹni tó bà á jẹ́ rèé, bó ṣe bà á jẹ́ rèé. Ó ní wọ́n á dá a padà sí ẹ̀kọ́ kó tó tún dá nìkan fọwọ́ kan ìgò. Àmọ́ káfíńtà ní kí wọ́n tún omi náà bù nísinsìnyí, kí páìpù tó ráyè mọ́, kí Onígò fúnra rẹ̀ bù ú kí ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í. Ọkùnrin onítáì fa fóònù rẹ̀ yọ. Àwọn ìyá yí i ká, wọ́n bi í bóyá ó ń pe ìyá tirẹ̀ ni. Ó dá fóònù padà sápò.

Kí n má bàa gbàgbé: òjé kún inú omi ọjọ́ náà débi pé nígbà tí wọ́n kà á fún wa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó lè pàtẹ́wọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí páìpù yẹn lójú wa. Èsì náà wà lára pátákó, lábẹ́ ohun tí ọ̀gá fi ẹfun kọ. Bí àwọn ènìyàn bá wá kà á báyìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì ní bí ti àkọ́kọ́ kò bá sí níbẹ̀, àwọn ò ní gba èkejì gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó jẹ́wọ́ yẹn, mo tẹ̀ lé wọn délé. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rò pé wọ́n á jà, wọ́n á sì nílò mi. Àbúrò mi ṣì ń rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ ń dùn ún níbi tí káfíńtà ti nà án sókè, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Ìyàwó mi bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jókòó kọjú sí i.

"Ọkọ mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kí n bá yín gbé ẹ̀bi náà?"

Ẹ̀rín tán lójú àbúrò mi. Mo fojú sọ fún un pé kó wá irọ́ kan pa. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Mo fẹ́ kí wọ́n hó lé ẹ ni. Àná ni mo ti ń fẹ́ ẹ. Àtìgbà tí wọ́n ti fún ẹ ní àpótí yẹn ni mo ti ń fẹ́ ẹ."

Mo gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ìyàwó mi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìtan rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní:

"Ó dùn mí gan-an. N ò ní parọ́ fún yín, á ṣì máa dùn mí." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà ní tèmi. Nígbà tí káfíńtà nawọ́ yín sókè, tí gbogbo wọn kẹ̀yìn sí mi, inú bí mi. Mo fẹ́ gba màíkì náà padà. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé àná yìí náà lẹ purọ́ fún mi níwájú Àǹtí yìí."

Àbúrò mi wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Ìwọ? Ó bí ẹ nínú?"

"Ó bí mi nínú."

Àbúrò mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní kó sọ ọ́ fún òun dáadáa, láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe rí lára rẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́. Àbúrò mi náà ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ìfọbọ́, ọ̀rọ̀ aago tó ń tẹ̀, àwọn nǹkan tó jẹ́ pé etí mi nìkan ló ti gbọ́ wọn rí láyé. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra.

Mo ní, "Ó dàárọ̀ o." Mo tún un sọ. Mo gbé báàgì mi, mo gba ọ̀nà ilé lọ, kò sì sẹ́ni tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà nínú àwọn méjèèjì.